Ẹyẹ Orí Ṣíìpù

Arẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú àwọn olùdókòwò, da páálí kan dé sórí tábìlì, àwọn ṣíìpù, ọpọlọ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀rọ, sì fọ́n ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já lọ́rùn. Àwọn kan yí dé iwájú Alága, wọ́n dúró síbẹ̀, dúdú, kékeré, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ wọn tó ń dán.

"Òkú ni gbogbo wọn," ló wí. Ẹ̀rín tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àwọn oníbàárà wa tó ń ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru fún ọsibítù ló dá wọn padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀yin èèyàn mi! Wọ́n ní àwọn ò lè fi ẹ̀mí aláìsàn ta tẹ́tẹ́."

Ìpàdé àwọn olùdókòwò ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù ni, kí páálí yẹn sì tó dé, ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọ̀gá Ọjà, ọ̀dọ́bìnrin tó ń mójú tó títà, ti fi hàn wọ́n pé ìlọ́po méjì ọjà èṣí ni wọ́n tà lọ́dún yìí. Ó ní kí wọ́n yéé forí ṣe fọrùn ṣe lórí ṣíìpù ohun ìṣeré ọmọdé tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, kí wọ́n gbájú mọ́ ti ọsibítù, kí wọ́n kọ́ ẹ̀ka kejì, kí wọ́n sì wá oníbàárà ọsibítù mìíràn kún ẹyọ kan tí wọ́n ní, kó má baà jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Alága, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ báńkì, ti ń mi orí bí ẹni tó gbọ́ orin tó mọ̀. Dókítà Eyín, tó fi ohun tó rí lẹ́nu àwọn aláìsàn rẹ̀ ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, ti ń béèrè ibi tí wọn óò gbé ẹ̀ka kejì kọjú sí.

Ní báyìí, páálí yẹn ni gbogbo ojú ń wò.

Ẹnjiníà, tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, mú ṣíìpù kan, ó fi sórí ẹ̀rọ ìdánwò. Iná pupa. Ó mú òmíràn. Iná pupa. Ó gbé ẹ̀kẹta súnmọ́ ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹyẹ ni wọ́n tẹ̀ sí i lára," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ló burú níbẹ̀?" Alága béèrè. "Ṣebí àwa la fọwọ́ sí ẹyẹ ní ìpàdé tó kọjá pé kó jẹ́ àmì wa tuntun."

"Ẹ fọwọ́ sí i, sà, ṣùgbọ́n a ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Òṣùpá ló wà lára gbogbo ohun tí a tíì tà. Ẹyẹ ò tíì jáde nílé."

"Ẹ ti wá gbọ́ ọ!" Arẹ́rìn-ín fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ̀rọ tó ń tẹ òṣùpá máa ń ka iye ṣíìpù tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ kó àwọn tó kùnà ìdánwò gba ẹ̀yìnkùlé tà, ṣé á gba ibẹ̀? Àmì tuntun ni yóò yọ́ lò. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí wọ́n ti ń tẹ àmì? Ta ni orúkọ rẹ̀ ń ròkè bí ọjà bá ṣe ń pọ̀ sí i? Ìlọ́po méjì, àbí?"

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gá Ọjà.

"Mo ti ń wí i tipẹ́," Arẹ́rìn-ín ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ti ẹni tó wá kíni kú ọ̀fọ̀. "Ilé-iṣẹ́ ńlá tí mo mú wá ṣì fẹ́ rà wá. Ẹ jẹ́ ká dìbò lónìí, ká tà á kí ìròyìn yìí tó gba ìgboro."

Ẹnjiníà jókòó bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Obìnrin kan wà nídìí fèrèsé tí kò tíì sọ nǹkan kan láti òwúrọ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é. Yàrá kan lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ àti Ẹnjiníà, tó jẹ́ àbúrò ọkọ náà, ti bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ọkọ kú, ìpín rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ aya, aya sì ń wá sí ìpàdé, ó ń jókòó, ó ń gbọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni fún ọlọ́pàá kó tó fẹ̀yìntì. Yàtọ̀ sí Ẹnjiníà, àwọn tó kù níbi tábìlì kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà ò sì rí ìdí tí yóò fi máa kéde rẹ̀.

Ó na ọwọ́, ó mú ṣíìpù kan, ó fi àtàǹpàkò pa á lórí. Ìṣe rẹ̀ ni. Láyé ọkọ rẹ̀, bó bá fẹ́ fọ ṣòkòtò rẹ̀, á kọ́kọ́ tú ṣíìpù kúrò lápò, á sì máa fọwọ́ pa wọ́n bó ṣe ń ronú. Kòtò róbótó kan máa ń wà ní igun wọn tó ń fi ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ hàn. Ọkọ rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbẹ́ tiwọn jìn ju ti àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù lọ, kí ẹni tí ojú ti rẹ̀ lè fọwọ́ mọ ibi tí orí ṣíìpù wà.

Àtàǹpàkò rẹ̀ yọ̀ kọjá ní igun náà bí ẹni ń pa dígí. Ó tún un pa.

"Alága," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí ẹ tó dìbò."

"Màmá," Arẹ́rìn-ín fi ẹ̀rín dá a lóhùn, "ẹ jókòó jẹ́jẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lèyí."

"Jẹ́jẹ́ náà ni mo fẹ́ fi rìn in."

Dókítà Eyín bú sẹ́rìn-ín. Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká jẹun ọ̀sán. Bí a bá ti fọwọ́ tán, a ó dìbò. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ," ó yíjú sí Ọ̀gá Ọjà, "ọlọ́pàá ni màá pè, ọmọ mi. Má bínú."

*

Ọ̀gá Ọjà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Jẹ́jẹ́ wọlé, ó bá a tó ń fi òwú nu ọ̀dà pupa kúrò léèékánná rẹ̀.

"Ṣé ò ń múra ẹ̀wọ̀n ni?"

"Màmá, mi ò mọ ohun tí mo ń ṣe. Bí mi ò bá fọwọ́ mú nǹkan, màá pariwo."

"Nu ún lọ. Ṣé ìwọ lo tà wọ́n?"

"Rárá! Ẹ wo ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wá oníbàárà káàkiri. Ohun ìṣeré, fìtílà, aago, kò síbi tí mi ò kan ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá lé mi, màá ríṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìyá mi á gbọ́ pé wọ́n mú mi lólè." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Kò ní lè jáde síta mọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn ńkọ́?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan tún wà lọ́wọ́ Ẹnjiníà. Bó bá ṣe ti kọ́kọ́rọ́ ni, Màmá, mi ò ní àwíjàre."

"O ti pe àwọn oníbàárà ọsibítù yẹn láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"A kì í pè wọ́n. Arẹ́rìn-ín ló mú wọn wá, òun ló sì wà láàárín. Ó ní tí a bá gba orí òun kọjá, wọn óò bínú."

"Ṣùgbọ́n o ní nọ́ńbà wọn."

"Mo ní in. Mi ò kàn gbọdọ̀ lò ó ni."

Ìyá Jẹ́jẹ́ mú ìgò kékeré tí omi tó ń ṣí ọ̀dà wà nínú rẹ̀ lórí tábìlì, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọrọ òwú tó kù mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ fẹ́ nu èékánná ni?" Ọ̀gá Ọjà rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

"Èmi? Ó ti pẹ́ tí mo ti kun nǹkan gbẹ̀yìn. Ojú ẹlòmíràn ni mo fẹ́ nù."

*

Ẹnjiníà nìkan ló wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń tẹ àmì, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀rọ náà dákẹ́, òṣùpá kékeré rẹ̀ wà lójú dígí.

"Ìyàwó wa," ló wí, "ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ọkọ mi, dìde níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í fẹ̀yìn ti ògiri tí ẹ̀rọ bá wà níwájú rẹ̀. Àwọn ṣíìpù tó bá kùnà ìdánwò, kí lẹ ń fi wọ́n ṣe?"

"Mo máa ń lọ̀ wọ́n ni. Ojú mi ni wọ́n ti ń di ẹ̀tù."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Níbo ni ọmọbìnrin yẹn ti wá rí òkú tó fẹ́ tà?"

Ẹnjiníà wò ó. Ó ṣẹ́jú. "Mi ò ro ibẹ̀ dé. Iná pupa yẹn ló dẹ́rù bà mí. Mo ti ń rò ó pé bóyá wọ́n ti ń tàn mí jẹ tipẹ́."

"Ṣé ẹyẹ ti wọnú ẹ̀rọ yìí rí?"

"Rárá o. Ibẹ̀ yẹn ló ṣì wà." Ó fọwọ́ sí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ìyá Jẹ́jẹ́ súnmọ́ ọn. Ẹyẹ tó na ìyẹ́ ni, ó gbé orí sókè, ó pa ẹnu dé bí ẹni tó mọ àṣírí.

"Ibà ni kò jẹ́ kí n wá sí ìpàdé yẹn," ló wí. "Ṣé bó ṣe rí nígbà tí ẹ fọwọ́ sí i nìyí?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Dókítà ló dá wàhálà sílẹ̀. Gbogbo wa ti gbà á, a ti fẹ́ dìde, ló bá ní ẹnu tó là sílẹ̀ yẹn jọ ẹ̀mú tí òun fi ń fa eyín, pé bí àwọn aláìsàn òun bá rí i, wọn óò sá. A rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú Alága. Mo bá pa ẹnu ẹyẹ náà dé níbẹ̀, lójú wọn."

"Ojú ta ni?"

"Àwọn tó ṣì wà ní ìjókòó."

Ìyá Jẹ́jẹ́ kò bi í ní ìbéèrè mìíràn. Ó yọ bébà náà kúrò lára ògiri jẹ́jẹ́, kí igun rẹ̀ má baà ya.

*

Arẹ́rìn-ín dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bu omi sínú ife, fóònù wà létí rẹ̀. Bó ṣe rí Ìyá Jẹ́jẹ́ ló pa fóònù náà.

"Màmá! Ìwádìí ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí olè wa?"

"Mò ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ṣé o ṣí páálí yẹn kó tó dé ibí?"

"Ṣí kẹ̀? Bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ ni mo ṣe gbé e wá. Kí n má lọ fọwọ́ ba nǹkan, kí wọ́n má ní èmi ni."

"O gbọ́n. Ẹyẹ yẹn, tí mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ yàn án. Ṣé ìwọ fẹ́ràn rẹ̀?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ fún un! Ẹyẹ gidi ni. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń kọrin. Ilé-iṣẹ́ tó ń dàgbà gbọ́dọ̀ pariwo ara rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Mi ò tilẹ̀ gbádùn ọjọ́ yẹn tó. Bí a ṣe fọwọ́ sí i ni mo sáré lọ bá bàálù. Mo gbọ́ pé ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn mi."

"Ó pọ̀," Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "O ṣèèṣì pàdánù rẹ̀ ni."

Ó wọ yàrá kan tó ṣófo, ó tẹ fóònù tirẹ̀, ó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ṣókí. Lẹ́yìn náà ó lọ jẹun.

*

Nígbà tí wọ́n padà jókòó, Ìyá Jẹ́jẹ́ kò lọ sídìí fèrèsé mọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alága, ó gbé ìgò kékeré náà kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn òkú yìí."

Ó rẹ òwú, ó fi nu orí ṣíìpù kan. Òwú náà dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Ó ń ṣí!" Dókítà Eyín pariwo.

"Ẹnjiníà, fún mi ní ọ̀kan tó ní òṣùpá, tí kò tíì jáde nílé."

Ó nu ìyẹn náà. Òwú funfun báláú.

"Dúdú ni tiwa ti jáde látinú irin tí wọ́n fi ń dà á. Èyí, wọ́n kùn ún ni. Ó sì ní kòtò kan tó yẹ kó wà ní igun rẹ̀. Ọ̀dà ti dí i. Dókítà, ẹ bá mi de awò yín, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

Dókítà yọ awò tó fi ń yẹ eyín wò lápò, ó dè é mójú, ó tẹrí ba. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé orí sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wí, "wọ́n ti fa eyín yìí lẹ́nu ẹlòmíràn rí. Òjé àtijọ́ ṣì wà nídìí rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fà á tìkà-tìkà. Ìbá ṣe èmi ni, ǹ bá fún un lábẹ́rẹ́."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, Alága pàápàá kò lè pa tirẹ̀ mọ́ra.

"Ṣíìpù àlòkù ni," Ìyá Jẹ́jẹ́ wí. "Wọ́n tú wọn kúrò lára ẹ̀rọ ògbólógbòó, wọ́n ha orúkọ àtijọ́ kúrò, wọ́n kùn wọ́n, wọ́n wá tẹ ẹyẹ lé e. Kò sí èyí tó ti ilé yìí jáde nínú wọn. Ọmọbìnrin yìí ò ta òkú fún ẹnikẹ́ni. Tòótọ́ ni ìlọ́po méjì rẹ̀."

Ọ̀gá Ọjà bo ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tí wọ́n fi tẹ ẹyẹ," Alága béèrè, "tó jẹ́ pé òṣùpá ló wà nígboro?"

"Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, sà. Bó bá tẹ òṣùpá, ẹ ó ní oníjìbìtì ìta kan ló ṣe ayédèrú wa. Ẹyẹ ò jáde rí. Ẹni tó bá rí ẹyẹ, inú ilé ni ojú rẹ̀ máa lọ, á sì lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́."

"Màmá ti bá mi sọ ọ́ tán," Arẹ́rìn-ín wí, ó tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Ará ilé ni!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dókítà, ẹ má tíì tú awò yẹn. Ẹ wo ẹnu ẹyẹ náà fún mi."

Dókítà mú ṣíìpù mìíràn tí wọn ò tíì nù, ó tẹrí ba. Ìgbà tó máa gbé orí sókè, ojú rẹ̀ ti fẹ̀ lẹ́yìn awò bí ojú òwìwí.

"Ó là á," ló wí. "Ó la ẹnu sílẹ̀ gbayawu. Ẹ̀mú mi nìyí!"

Ìyá Jẹ́jẹ́ tẹ́ bébà ara ògiri síwájú wọn. Ẹyẹ náà pa ẹnu dé.

Alága wo bébà, ó wo ṣíìpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rántí, ojú rẹ̀ sì ń lọ láti àga dé àga. Òun wà níbẹ̀ tí wọ́n pa ẹnu ẹyẹ dé. Dókítà wà níbẹ̀, òun ló fà á. Ẹnjiníà ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, Ọ̀gá Ọjà ló bá a mú bébà dúró. Ojú Alága dé ibi àga Arẹ́rìn-ín, ó dúró.

"Ẹnì kan ṣoṣo," Ìyá Jẹ́jẹ́ wí, "ló bá bàálù lọ pẹ̀lú ẹyẹ tó la ẹnu lọ́kàn."

"Kí ni ẹnu ẹyẹ kàn mí?" Arẹ́rìn-ín dìde. "Ẹnikẹ́ni lè ya ẹyẹ bó ṣe wù ú!"

"O sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé o fẹ́ràn bó ṣe ń kọrin. Ọmọ mi, ẹyẹ wa ò kọrin mọ́ láti ọjọ́ tí Dókítà ti bú u."

Ẹ̀rín náà lọ. Kò sẹ́ni tó tíì rí ojú rẹ̀ láìsí ẹ̀rín rí. Ó dàbí ilé tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ jáde.

"Òun ló mú ẹjọ́ wá," Alága ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀, "òun náà ló mú ẹni tó fẹ́ rà wá wá. Kí ni wọ́n ṣèlérí fún ọ?"

Arẹ́rìn-ín ń wo fìlà rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ọ̀gá Ọjà," Ìyá Jẹ́jẹ́ wí, "lo nọ́ńbà yẹn. Jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́."

Fóònù dún lórí tábìlì. Ohùn obìnrin kan jáde, ó gbọ́ ìbéèrè wọn.

"Dá ṣíìpù padà? Àwa? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò tíì sí èyí tó já wa kulẹ̀ nínú tiyín. A ti ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi kún un láti ọjọ́ yìí, ẹni yín tó máa ń wá ló ní agbára yín ò gbé e. Ẹ̀ka wa yòókù náà ń béèrè. Ṣé agbára yín ti wá gbé e?"

Ọ̀gá Ọjà wo Ẹnjiníà. Ẹnjiníà wo Alága. Alága, tí kò fò sókè láti ìgbà èwe, fò sókè.

"Ó gbé e!" ló pariwo sínú fóònù. "Ẹ sọ fún wọn pé ó gbé e!"

Ibi tí wọ́n ti ń dì mọ́ ara wọn ni ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọlọ́pàá méjì wọlé, ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ọkùnrin náà wo inú yàrá, ó rí Ìyá Jẹ́jẹ́, ó nà ró bí igi, ó gbé ọwọ́ kan orí.

"Ọ̀gá wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A gbọ́ ìpè yín. Èwo ni nínú wọn?"

Dókítà Eyín yọ awò rẹ̀ kúrò lójú, ó wo obìnrin tí wọ́n ti ń bá jókòó láti ọjọ́ yìí wá. "Ọ̀gá wọn?" ló wí. "Èmi tí mo ń rò pé sùúrù nìkan lẹ ní!"

Arẹ́rìn-ín mú fìlà rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Ipò ọ̀gá àgbà ni wọ́n ṣèlérí fún mi," ló wí, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í ni. Wọ́n mú un jáde.

Alága tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "A ṣì ní ìbò láti dì," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ ká kọ́ ẹ̀ka kejì, kó nawọ́."

Ọwọ́ Dókítà ló kọ́kọ́ lọ sókè. Ti Ẹnjiníà tẹ̀ lé e, ti Alága náà tẹ̀ lé e. Ọ̀gá Ọjà kò ní ìpín, kò sì ní ìbò, ṣùgbọ́n ó na tirẹ̀ pẹ̀lú èékánná pupa mẹ́ta tó kù, kò sì sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣì di ṣíìpù olóṣùpá yẹn mú. Àtàǹpàkò rẹ̀ wà nínú kòtò rẹ̀, ó jìn, ó mọ́, ó gbà á bí ẹni tó ti ń dúró dè é. Ó fi sápò. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ìyàwó wa," Ẹnjiníà wí, "ọwọ́ kan là ń nà."

"Mo mọ̀, ọkọ mi. Ọ̀kan ni tèmi. Ìkejì ni tẹni tó gbẹ́ kòtò yẹn jìn."

Alága wo ọwọ́ méjèèjì náà, ó sì kà wọ́n.